Etí Tí Mo Rà ní Ìlú Elétí

Ẹ jókòó síbi tó bá wù yín, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà, kó máa fọ́ ọ lọ. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń sunkún, kó má fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Mo mọ̀ pé bí àwọn àgbà ọdẹ mìíràn bá fẹ́ sọ̀rọ̀, wọn a ní kí gbogbo agboolé pa rọ́rọ́. Èmi Ọdẹ́tọ́lá kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ìtàn yìí tán, ẹ ó mọ ìdí rẹ̀, àánú mi yóò sì ṣe yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àánú yín kò lè tún nǹkan kan ṣe mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ gbé máíkì aláwọ̀ wúrà yẹn síwájú mi, tí ẹ ní ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ká ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, mo rí i. Ó wuyì. Mo ti ní irú rẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ ná.

Ẹ mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Bí ẹ kò bá mọ̀ mí, ẹ bi àwọn ẹfọ̀n léèrè, bó bá ku èyí tó lè dáhùn nínú wọn. Nínú ìdílé tiwa, etí la fi ń ṣọdẹ, ìbọn kàn ń tẹ̀lé e lẹ́yìn ni. Bàbá mi a gbọ́ ìró ewé kan ṣoṣo, a ní ìgalà ni, a sì ní ó lóyún, bẹ́ẹ̀ gan-an ni yóò sì rí. Èmi náà ti jókòó sórí igi rí, tí mo gbọ́ ìgbín tó ń gun òkè ní òdìkejì odò. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yín kò dí mi lọ́wọ́.

Àyọ̀ká ni ìyàwó mi, òun ni ìyá Ọdẹ́bùnmi, ọmọ wa kan ṣoṣo. Láti ọjọ́ tí Àyọ̀ká ti wọ ilé wa ló ti ń kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi ní ìdájí, tí ó ń fi oríkì ìdílé wa jí mi, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyàwó ilé wa ti ń ṣe tipẹ́tipẹ́. Ọmọ agbọ́-ìró-ewé-mọ-ẹran. Ọmọ adúró-jẹ́ẹ́-nígbó-bí-ẹni-tí-kò-sí. Ibi tí mo mọ̀ nínú rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí wọ́n ń kì kì í kọ́ oríkì ara rẹ̀, orí rẹ̀ á kàn máa wú ni. Àwọn ìyàwó àgbà tó mọ̀ ọ́n ti kú tán, àwọn ìyàwó tuntun kò sì ráyè kọ́ ọ. Àyọ̀ká nìkan ló kù tó ní i lódindi lẹ́nu, láti orí ẹni tó tẹ ilé wa dó títí dé orí mi.

Nígbà tó yá, nǹkan kan hù sí Àyọ̀ká lọ́nà ọ̀fun. A gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà wò ó títí, ó ní ohùn náà ń lọ, kò sì ní padà, kó máa ṣọ́ ìwọ̀nba tó kù lò. Oyún ọmọ àkọ́kọ́ wà nínú Ọdẹ́bùnmi nígbà yẹn. Ó sáré ti ìlú ńlá dé, ó gbé fóònù rẹ̀ sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu, ó ní kí wọ́n ki oríkì náà sí i, kí òun lè rí i fi kí ọmọ òun káàbọ̀ sáyé. Ohùn tó jáde níbẹ̀ dà bí ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò omi. Ọdẹ́bùnmi ní máíkì la nílò, pé àwọn tí òun rí nílùú ńlá, ọwọ́ òun kò tó wọn, pé òun kò tilẹ̀ mọ èyí tó yẹ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ rà nínú wọn.

Mo dìde. Mo ní bàbá mi sọ ìlú kan fún mi kó tó kú, Ìlú Elétí, níbi tí wọ́n ti ń ta etí tó ń gba ohùn bíi máíkì, bí ẹni ń ta iṣu, tí wọn kì í sì í gba owó. Mo ní ibẹ̀ ni mò ń lọ. Àyọ̀ká fi ohùn tó ti há dá mi lóhùn. Ó ní: "Bàbá Ọdẹ́bùnmi, ẹ má pẹ́. Bí wọ́n bá bi yín léèrè ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe, ẹ rọra dáhùn. Èyí tó bá kéré náà, ó tó mi."

Mo ní mo ti gbọ́.

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ọ̀nà yọ yín lẹ́nu. Mo wọ igbó láàárọ̀, nígbà tí oòrùn mú, mo ti kọjá ibi tí ọmọ aráyé ń dé. Igbó tí mo bá ara mi nínú rẹ̀ kò ní ìró kankan. Ẹyẹ ń lanu, kò sóhùn. Ewé ń jà lójú afẹ́fẹ́, wọn kò dún. Iwin kan tí kò lórí jókòó sí àárín rẹ̀, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ni ẹnu wà. Orúnkún ọ̀tún ló ń béèrè ọ̀rọ̀, tòsì ló ń rẹ́rìn-ín. Agbàsọ lorúkọ rẹ̀.

Orúnkún ọ̀tún ní: "Ọdẹ, kí ló jáde nílé tí kò padà wálé mọ́, tí kò kú sọ́nà, ṣùgbọ́n bí ẹnìkan kò bá dúró gbà á, bí ìgbà tí kò jáde rárá ni?"

Mo ní: "Ọta ìbọn ni."

Orúnkún òsì rẹ́rìn-ín títí eruku fi sọ. Ọ̀tún ní: "Ohùn ni. Ìwọ tí o fi ohùn pe ọta ìbọn, ọ̀nà jíjìn ni wàá máa wá a sí."

Ló bá pàtẹ́wọ́. Gbogbo ìfọ́nnu tí ẹnu mi ti sọ láti kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde nínú ihò igi, wọ́n di agbọ́n, ohùn tèmi gan-an ni wọ́n sì ń fọ̀. Ọ̀kan ní, "Èmi ni mo fi ọwọ́ lásán mú ẹkùn," ó ta mí nímú. Òmíràn ní, "Kò sí ọdẹ mọ́ lẹ́yìn mi," ó ta mí létè. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọfọ̀, ọfọ̀ náà tún ń di agbọ́n lẹ́nu mi, àwọn tuntun sì ń ta ju àwọn ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tó sú mi, mo dojú bolẹ̀, mo fi ewé dí ẹnu, mi ò mí rárá. Wọ́n fò yí mi ká, wọn kò gbọ́ nǹkan kan, wọ́n bá tiwọn lọ. Ẹ̀yin ọlọ́gbọ́n ti rí ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀. Èmi dìde, mo gbọn erùpẹ̀ dànù, mo ní mo ti ṣẹ́gun agbọ́n.

Òwú ni wọ́n fi ṣe ẹnu ibodè Ìlú Elétí. Etí àwọn ará ibẹ̀ fẹ̀ bí ewé kókò, ẹnu wọn kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nìkan ni wọ́n ń sọ. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ọ, wọn a gbé etí lé ọ láyà, wọn a gbọ́ bí ọkàn rẹ ṣe ń lù, wọn a mi orí, wọn a kọjá. Ibi tí mo ti ń wò wọ́n ni mo ti sín. Gbogbo àdúgbò ṣubú lulẹ̀. Nígbà tí wọ́n dìde, wọ́n fi òwú dí mi nímú, wọ́n fà mí lọ sọ́dọ̀ arúgbó tó ń ta etí, Fetísílẹ̀ lorúkọ tirẹ̀, etí kan ṣoṣo ló ní, ó wà níwájú orí rẹ̀.

Fetísílẹ̀ ní: "Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ta ló fẹ́ sọ̀rọ̀ sí etí tí o wá rà?"

Mo ní: "Ìyàwó mi ni, bàbá."

"Báwo ni ohùn rẹ̀ ṣe rí?"

"Ó ti ń lọ."

"Irú ilé wo ló ń gbé?"

Orí mi wú. Mo ní: "Ilé ńlá ni, bàbá. Agboolé ọdẹ. Páànù la fi bo orí rẹ̀. Ewúrẹ́ wa kò níye, adìyẹ wa kò níye, àwọn ọmọ ń sá kiri, ẹ̀rọ ìlọta ń ké lẹ́yìn ògiri wa láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Kì í ṣe ilé òfìfo."

Fetísílẹ̀ mí kanlẹ̀. Ó na ọwọ́ sábẹ́ tábìlì, ó mú nǹkan dúdú kan jáde. Ó rí bí ọmọ odó, orí rẹ̀ ti tẹ̀ wọnú lápá kan. Ó ní: "Súnmọ́mi nìyí. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ló ń rà á. Bó já bọ́, kì í kú. Igbe ewúrẹ́ kan ṣoṣo nínú agboolé rẹ ni iye rẹ̀. Wàá fún wa, o kò sì ní gbọ́ igbe ewúrẹ́ náà mọ́."

Nǹkan dúdú náà fi ohùn gbígbẹ sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní: "Gbé mi sí i lẹ́nu, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn mí. Ohun tó bá wà lẹ́yìn mi kò kàn mí."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọmọ agbọ́-ìró-ewé-mọ-ẹran ni mí. Kí ni kí n fi etí tí kò gbọ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀ ṣe? Ẹkùn á ti jẹ olówó rẹ̀ tán kó tó mọ̀. Mo bi Fetísílẹ̀ bóyá ó rò pé tálákà ni mí, mo sì nawọ́ sókè, síbi tí èyí tó tóbi jù nínú àwọn etí rẹ̀ gbé kọ́. Agbọ́kèèrè lorúkọ rẹ̀. Wúrà ni àwọ̀ rẹ̀, ó fẹ̀ bí àwo ọbẹ̀, ó sì ń mí. Fetísílẹ̀ ní tòjò tẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń fún un ní iná jẹ kó tó ṣiṣẹ́, pé bí itọ́ bá ta sí i lára, àìsàn ni. Mo ní kó jẹ́ kí n gbọ́ ohun tó lè ṣe.

Agbọ́kèèrè yí ojú sí ọ̀nà ilé wa. Ìró kan wọ etí mi, ó sì mọ́ gaara. Ikọ́ Àyọ̀ká ni. Láti ìlú iwin ni mo ti gbọ́ ikọ́ ìyàwó mi, tí mo gbọ́ bó ṣe rọra mi itọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Omi bọ́ lójú mi. Bí ẹ bá wà níbẹ̀, kí ni ẹ̀ bá tún máa rò?

Fetísílẹ̀ ní: "Lóòótọ́ ló gbọ́ ikọ́ rẹ̀. Gbogbo ikọ́ ayé ló ń gbọ́ pọ̀ mọ́ ọn. Etí tó ń gbọ́ ohun gbogbo kì í yan ẹnikẹ́ni láàyò."

Mo ní: "Èló ni?"

Ó ní: "Ohùn tó kọ́kọ́ ń jí ọ láàárọ̀."

Ẹ̀rín pa mí. Mo ní àkùkọ funfun kan tí kì í jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kó tó máa ké, mo ti ń wá ọ̀nà àtipa á jẹ. Mo ní kó mú un. Ó bi mí bóyá mo ti rò ó dáadáa. Mo ní ohun tó bá wu olówó ní í fowó rẹ̀ rà. Ó fi ìka méjì fa nǹkan kan yọ nínú etí mi, ó funfun, ó tín-ín-rín, ó rí bí òwú. Ó ń fà á, kò tán. Ó ń ká a mọ́ igi, kò tán. Ó jọ mí lójú pé kíké àkùkọ kan gùn tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti gbá Agbọ́kèèrè mọ́ra, mo kọjú sílé.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo wọlé. Àyọ̀ká kò sọ̀rọ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, ó gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọdẹ́bùnmi ní: "Wọn kì í sọ̀rọ̀ mọ́, bàbá mi. Wọ́n ń fi èyí tó kù pamọ́ de ìdájí ọjọ́ tí ẹ bá dé. Wọ́n ti fi ọwọ́ júwe fún mi pé ẹ̀ẹ̀kan péré ló ṣẹ́ kù."

Ní ìdájí, àkùkọ mi ké. Mo gbọ́ ọ ketekete. Ó yẹ kí n bi ara mi léèrè ohun tí mo tà nígbà náà, ṣùgbọ́n mi ò dúró rò ó, iṣẹ́ wà nílẹ̀.

Àyọ̀ká kúnlẹ̀ sí ibi tó máa ń kúnlẹ̀ sí, ó gbára lé ògiri. Ọdẹ́bùnmi so Agbọ́kèèrè mọ́ fóònù rẹ̀, ó gbé e dúró níwájú ìyá rẹ̀. Èmi bọ́ sí àgbàlá, mo kẹ̀yìn sí wọn, mo gbé ìbọn kọ́ apá, pé èmi ni n ó ṣọ́ ìdákẹ́rọ́rọ́ náà bí ẹni ṣọ́ ojú ọ̀nà ẹran. Mo ń retí kí Àyọ̀ká bẹ̀rẹ̀.

Kò bẹ̀rẹ̀. Ewúrẹ́ ké. Mo ní bóyá ewúrẹ́ ló ń dí i lọ́wọ́. Mo pariwo: "Ẹ lé ewúrẹ́ yẹn!" Mo tún fetí sílẹ̀, mi ò gbọ́ ọ. Ẹnìkan ń gbálẹ̀ lẹ́yìn ilé. Mo pariwo: "Ẹ dákẹ́ níbẹ̀ yẹn!" Síbẹ̀ mi ò gbọ́ ọ. Wọ́n tan ẹ̀rọ ìlọta. Mo sáré lọ sẹ́bàá ògiri, mo kígbe: "Ẹ pa á! Ẹ dákẹ́! Ìyàwó mi fẹ́ sọ̀rọ̀!" Wọ́n pa á. Gbogbo àdúgbò wá dákẹ́ lóòótọ́, mo sì dúró sí àárín ìdákẹ́ náà, mi ò gbọ́ nǹkan kan, mo tún pariwo pé kí wọ́n dákẹ́ sí i.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ti wí bẹ́ẹ̀. Èmi kẹ̀yìn sí ojú tó yẹ kí n wò.

Ọdẹ́bùnmi jáde sí mi. Omijé ti bo gbogbo ojú rẹ̀.

Ó ní: "Bàbá mi, wọ́n ti parí."

Mo ní: "Parí kí ni? Wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀."

Ó ní: "Wọ́n ti kì í tán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mò ń juwọ́ sí yín láti ẹnu ọ̀nà, ẹ ò wẹ̀yìn. Mi ò lè pè yín, kí ohùn tèmi má bàa wọ inú rẹ̀. Ṣé ẹ ò gbọ́ wọn ni?"

Ìgbà yẹn ni mo rántí bí òwú náà ṣe gùn tó. Kì í ṣe àkùkọ ló ń jí mi. Láti ìgbà tí mo ti gbéyàwó, Àyọ̀ká ti ń ṣáájú àkùkọ lójoojúmọ́, ó ti mọ́ mi lára débi pé mi ò kà á sí ìró mọ́.

A tẹ ohun tí a ká sílẹ̀. Agbọ́kèèrè ti ṣiṣẹ́ rẹ̀, mi ò parọ́ mọ́ ọn. Ewúrẹ́ wà níbẹ̀. Ọwọ̀ tó ń gbálẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ ìlọta wà níbẹ̀, àti ọkùnrin kan tó ń fọnmú ní ìkángun àdúgbò. Lórí gbogbo rẹ̀ ni ohùn ọdẹ kan wà, tó le, tó já gaara, tó ń pariwo pé kí ẹ dákẹ́. Ọdẹ́bùnmi ní òun ń gbọ́ ìyá òun fírífírí nísàlẹ̀ ariwo náà, orúkọ kan níbí, ìlàjì orúkọ lọ́hùn-ún. Èmi ò gbọ́ ìyẹn pàápàá. Àyọ̀ká lanu kó tún un kì, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde.

Mo padà sí Ìlú Elétí. Agbàsọ rí mi lọ́nà, orúnkún òsì rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín mọ́, ìyẹn ló dùn mí jù. Mo dé ìlú náà ní ìdájí gan-an. Mo bá gbogbo wọn ní ìta, tọkùnrin tobìnrin, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n kọ etí sí ọ̀nà kan náà, omijé ń ṣàn lójú wọn, inú wọn sì ń dùn. Fetísílẹ̀ di igi tí ó ká òwú mi mọ́ mú, ó ń tú u díẹ̀díẹ̀.

Mo ní: "Bàbá, kí ni wọ́n ń gbọ́?"

Ó ní: "Òun ló ń jí wa báyìí. A kò ní irú rẹ̀ nílùú yìí rí."

Mo dúró láàárín wọn. Gbogbo iwin ìlú náà ń gbọ́ oríkì bàbá mi láti ẹnu ìyàwó mi, èmi tí ó jẹ́ tèmi kò gbọ́ nǹkan kan. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kí wọ́n dá a padà fún mi, kí wọ́n gba Agbọ́kèèrè, kí wọ́n gba ìbọn mi, kí wọ́n gba etí mi méjèèjì. Fetísílẹ̀ ní ohun tí a bá ti tà níbẹ̀ kì í padà. Mo ní kó kúkú sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi, kí n há a sórí. Ó ní ẹnu àwọn kò gbé ọ̀rọ̀ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, etí nìkan ni wọ́n fún àwọn. Ó wo ojú mi, ó na ọwọ́ sábẹ́ tábìlì, ó mú Súnmọ́mi jáde. Ó ní kí n máa gbé e lọ lọ́fẹ̀ẹ́, kò sẹ́ni tó rà á.

Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà agboolé wa, mo rí i pé wọ́n ti ká ẹní Àyọ̀ká, ó ti dágbére fáyé kí n tó dé.

Ọdẹ́bùnmi bí obìnrin. Ó fi àwọn orúkọ tó rí ṣà nínú ariwo náà ki ọmọ náà, oríkì tó já sí méjì, sí mẹ́ta, tí ìdí rẹ̀ kò kan orí. Ní ọjọ́ tí ó fẹ́ padà sí ìlú ńlá ló tó sọ fún mi pé ibì kan wà lápá ìparí, níbi tí mo ti dákẹ́ láti mí, tí ohùn ìyá rẹ̀ dá jáde, tó mọ́ gaara. Mo ní kó tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́. Mo gbé etí mi lé fóònù náà, etí tó gbọ́ ìgbín lódìkejì odò, kò sóhun tó wọlé. Mo bi í pé kí ni wọ́n sọ.

Ó ní: "Èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, bàbá mi. Inú ti ń bí mi sí yín, wọ́n rí i lójú mi. Wọ́n ní, 'Má bínú sí bàbá rẹ. Kò gbọ́ ni.'"

Àyọ̀ká mọ̀. Ó fi èémí kan nínú ìwọ̀nba tó kù fún un bẹ̀bẹ̀ fún mi.

Ẹ gbé máíkì aláwọ̀ wúrà yẹn kúrò níwájú mi, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Súnmọ́mi nìyí lọ́wọ́ mi, ẹ̀bá ẹnu mi ni mo gbé e sí láti ìbẹ̀rẹ̀, òun ni kí ẹ máa lò, kí ẹ máa gbé e súnmọ́ ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu dáadáa. Ó gba gbogbo ohun tí mo sọ fún yín yìí láìkù síbì kan, ó sì dùn mí pé ọ̀rọ̀ tèmi ló rí gbà. Ọmọ tó ń sunkún lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ẹ jẹ́ kó sunkún rẹ̀. Ẹ máa fọ́ ẹ̀pà yín. Kò sẹ́ni tí n ó tún sọ fún láyé mi pé kó dákẹ́.